Ọ̀rọ̀ Tó Ń Sọ̀kalẹ̀, Ọ̀rọ̀ Tó Ń Gòkè: Bí Wọ́n Ṣe Ń Darí Ètò Tẹlifíṣọ̀n

Ètò tẹlifíṣọ̀n jẹ́ iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe, tí ẹnì kan sì ń dáhùn fún un. Olórí ètò ni ẹni náà. Ó lè jẹ́ òun ló kọ ìtàn, ó lè jẹ́ òun ló ń darí àwọn òṣèré, ó sì lè jẹ́ òun ló ń wá owó kiri; nínú eré àtìgbàdégbà Yorùbá, ẹnì kan náà ló sábà máa ń ṣe gbogbo rẹ̀. Iṣẹ́ tó yà á sọ́tọ̀ ni pé kí ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ di ohun tí ogún tàbí ọgbọ̀n ènìyàn jọ rí bákan náà kí kámẹ́rà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ayàwòrán ní kámẹ́rà, agbohùnsílẹ̀ ní makirofóònù, aṣojúlóge ní àpótí àtíkè. Olórí ètò kò ní ju ọ̀rọ̀ ẹnu, ìwé tó kọ sílẹ̀, àti etí tó fi ń gbọ́ èsì.

Ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ ń gbà rìn lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Èkíní ń sọ̀kalẹ̀: àṣẹ, àlàyé, àtúnṣe. Èkejì ń gòkè: "Ẹ̀gbọ́n, bátìrì ti fẹ́ tán." "Mọ̀mí, aṣọ tí wọ́n wọ̀ nínú ìran àná kọ́ nìyí." "Sà, onílé ò tíì gbọ́ pé à ń bọ̀." Èkíní ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá ń kọ́, tí wọ́n sì ń fi yangàn. Èkejì ló máa ń kú jù láàárín wa, níbi tí ọmọdé ti ń gbọ́ láti kékeré pé a kì í bá àgbà jiyàn. Òun náà sì ni owó àti ẹ̀mí wà lọ́wọ́ rẹ̀ jù.

Ohun tí àwọn aṣáájú fi sílẹ̀

Tẹlifíṣọ̀n dé Nàìjíríà ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, 1959, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣí WNTV ní Ìbàdàn. Àníkẹ́ Agbájé-Williams ni ojú àkọ́kọ́ tí àwọn òǹwòran rí lórí rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Èkó ní 1962, nígbà tó sì di 1980, ìjọba Lateef Jákàńdè dá LTV sílẹ̀ fún ìpínlẹ̀ Èkó. Láyé ìbẹ̀rẹ̀ yẹn, ojú ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ètò ń lọ sórí afẹ́fẹ́. Àṣìṣe tí òṣèré bá ṣe, ojú gbogbo ayé ló ti ṣe é.

Àwọn ẹgbẹ́ eré alárìnjò ló gba ojú tẹlifíṣọ̀n Yorùbá kan: ẹgbẹ́ Moses Ọláìyá tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Baba Sàlá, ẹgbẹ́ Oyin Adéjọbí, ẹgbẹ́ Dúró Ládípọ̀. Nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀gá ló ni ẹgbẹ́, òun ló ni ọkọ̀, òun náà ló mọ ìtàn látòkèdélẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń bá a rìn láti ìlú dé ìlú, wọ́n sì ti ṣe eré kan náà ní àìmọye ìgbà kí kámẹ́rà tó rí i. Bí ọ̀gá bá ṣẹ́jú, wọ́n ti mọ ohun tó kàn. Ìdarí báyìí kò burú fún àkókò rẹ̀. Ó bá àwọn tó jọ ń jẹ, tí wọ́n jọ ń sùn mu.

Eré àtìgbàdégbà òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Ayàwòrán wá láti Ṣómólú, agbohùnsílẹ̀ wá láti Ìyànà-Ìpájà, òṣèré kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti lokéṣọ̀n mìíràn, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n má tíì rí ara wọn rí títí di àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Ṣíṣẹ́jú kò lè kó irú wọn jọ. Olórí ètò tó bá ń darí àlejò bí ẹni ń darí ọmọ inú ilé yóò máa bínú lójoojúmọ́ pé wọn kò mọ ohun tí òun ń fẹ́, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni kò sọ ọ́ fún wọn.

The Village Headmaster, tí Olúṣẹ́gun Olúṣọlá dá sílẹ̀, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í hàn ní 1968, fi ọ̀nà mìíràn hàn. Ted Mukoro ló kọ́kọ́ ṣe ọ̀gá ilé ìwé. Fẹ́mi Robinson gba ipò náà lẹ́yìn rẹ̀, Justus Esiri náà sì ṣe é. Eré tí olórí òṣèré rẹ̀ yí padà léraléra tí kò sì dojú dé gbọ́dọ̀ ní ìmọ̀ tó ju ti orí ẹnì kan ṣoṣo lọ.

Àpẹẹrẹ láti Ìkòròdú

Fúnkẹ́ Akíndélé, tí wọ́n bí ní Ìkòròdú ní 1977, ni àpẹẹrẹ olórí ètò òde òní tó súnmọ́ wa jù. Ó kọ́ iṣẹ́ ìròyìn àti ìbánisọ̀rọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ gbogboońṣe ìpínlẹ̀ Ògùn, ó sì kọ́ òfin ní Yunifásítì Èkó. Inú I Need to Know, eré tí àjọ UNFPA ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀ láti la àwọn ọ̀dọ́ lójú nípa ìlera wọn, ni àwọn òǹwòran ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ní 2008, fíìmù Jenifa jáde, láti inú rẹ̀ ni eré àtìgbàdégbà Jenifa's Diary sì ti wá. Òun ló dá a sílẹ̀, òun ló gbé e jáde, òun náà sì ni olórí òṣèré.

Suliat, tó ń pe ara rẹ̀ ní Jenifa, ọmọ abúlé Ayétòrò tó wá ń wá ìgbésí ayé ní ìlú ńlá, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ tí kò jọ ti ẹlòmíràn. Eré náà dúró lórí ẹnu rẹ̀. Bí òǹkọ̀wé tuntun bá jẹ́ kó sọ̀rọ̀ bí ọ̀mọ̀wé ní ìran kan, tàbí kó sọ ọ́ di òmùgọ̀ lásán nínú èyí tó tẹ̀ lé e, òǹwòran yóò mọ̀ kíákíá pé ọwọ́ mìíràn ti wọ inú ọbẹ̀. Ohun tó ń dènà èyí nínú eré tó gùn ni ìwé ìpìlẹ̀ eré: ìwé tí wọ́n kọ ìwà ẹnì kọ̀ọ̀kan sí, ibi tó ti wá, bó ṣe ń kí àgbà, ọ̀rọ̀ tí kò lè jáde lẹ́nu rẹ̀ láéláé, ẹni tó jẹ lówó àti ẹni tó ń bá yodì. Olórí ètò tí gbogbo èyí wà lórí rẹ̀ nìkan yóò máa dáhùn ìbéèrè kan náà láti àárọ̀ dalẹ́. Èyí tó bá kọ ọ́ sílẹ̀ lè sùn.

Ẹni tó dúró níwájú kámẹ́rà kò lè dúró lẹ́yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí Akíndélé ṣe A Tribe Called Judah ní 2023, òun àti Adeoluwa Owu ni wọ́n jọ darí rẹ̀. Fíìmù yẹn ló kọ́kọ́ pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ nínú gbogbo fíìmù Nàìjíríà ní ilé sinimá orílẹ̀-èdè yìí. Ojú kejì tí ọ̀gá gbẹ́kẹ̀ lé, tó sì láyà láti sọ fún un pé ìran yẹn kò tíì dáa, jẹ́ dúkìá. Kò sí owó tó lè rọ́pò rẹ̀.

Ìkòròdú kan náà ni Ikorodu Bois ti wá, àwọn ọmọdé tí ẹ̀gbọ́n wọn ń kó jọ láti fara wé ìpolówó àwọn fíìmù ńlá Amẹ́ríkà ní ìran dé ìran, pẹ̀lú fóònù àti àwọn nǹkan tí wọ́n ń rí nínú ilé. Ní 2020, wọ́n ṣe ti Extraction, àwọn tó ṣe fíìmù náà rí i, Netflix sì fi kámẹ́rà àti irin iṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn. Ìfarawé tó bá èyí tí wọ́n ń wò mu báyìí kò lè ṣẹlẹ̀ láìjẹ́ pé gbogbo wọn ti fẹnu kò lórí ibi tí kálukú yóò dúró àti ìgbà tí yóò yí ojú. Àìsí irin iṣẹ́ kò dí wọn lọ́wọ́, nítorí pé ohun tí wọ́n fẹ́ rí ti wà kedere níwájú gbogbo wọn.

Kí kámẹ́rà tó wọ ìlú

Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ jẹ́ méjì nínú ìpín márùn-ún ìpínlẹ̀ Èkó tí wọ́n ń pè ní IBILE. Wọ́n ní ohun tí Ìkẹjà àti Súrùlérè kò ní: ọ̀sà gbalasa, ilé ìgbàanì, igbó, èbúté Ìpakodò ní Ìkòròdú, ọjà ẹja Olúwo ní Ẹ̀pẹ́. Ohun tó ń fa àwọn oníṣẹ́ fíìmù lọ síbẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìlú tó ní ohun tó yẹ fún kámẹ́rà ní ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọ̀ ọ́.

Ní Ìkòròdú, ààfin Ayangbúrẹ̀n, ọba ìlú, àti àwọn ìjòyè mọ ọjọ́ tí Orò yóò jáde, tí obìnrin kò sì gbọdọ̀ sí níta. Wọ́n máa ń kéde rẹ̀ ṣáájú. Ẹgbẹ́ tó bá kó obìnrin mẹ́wàá dé láàárọ̀ irú ọjọ́ yẹn ti sọ owó ọjọ́ kan nù, kò sì sí ẹni tó lè bá wọn dá a padà. Kì í ṣe orí fóònù ni wọ́n ti ń béèrè irú èyí. Ọ̀nà tó mọ́ ni pé kí olórí ètò fúnra rẹ̀ tẹ̀ lé àgbà kan tí wọ́n mọ̀ níbẹ̀, kó dọ̀bálẹ̀ tàbí kó kúnlẹ̀ bó ṣe yẹ, kó sọ ohun tó fẹ́ yà, iye ènìyàn tó ń bọ̀, ìgbà tí wọn yóò lọ, kó sì fi ìwé ránṣẹ́ lẹ́yìn náà kí ọ̀rọ̀ má baà yí. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni: "Kí ni kò gbọdọ̀ wọ kámẹ́rà?" Nínú ọdún bíi Elúkú àti Agẹmọ, ohun tí àlejò kò gbọdọ̀ rí wà níbẹ̀, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè ohun tí òun kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn ni àwọn àgbà máa ń fi ọkàn tán.

Ẹ̀pẹ́ náà ní tirẹ̀. Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ wà, Èkó-Ẹ̀pẹ́ wà. Ọdún Káyókáyó jẹ́ ti Èkó-Ẹ̀pẹ́, ó sì ń rántí bí Ọba Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní 1851. Atọ́kùn ètò tó bá dúró níwájú kámẹ́rà tó ń pè é ní ọdún gbogbo Ẹ̀pẹ́ láìbéèrè ti bu apá kan ìlú kù, ìlú kì í sì í gbàgbé ohun tí wọ́n sọ nípa rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Àṣìṣe ìmọ̀ ni èyí, kámẹ́rà tó dára kò sì lè wò ó sàn.

Nínú ọjà Olúwo, ìyálọ́jà ni ẹnu ọ̀nà. Àwọn tó ń ta ẹja ń wá oúnjẹ òòjọ́ wọn. Bí iná àti okùn bá dí oníbàárà lọ́nà, owó ló ń bọ́ lọ́wọ́ wọn. Kí olórí ètò sọ aago tí wọn yóò parí, kí wọ́n sì parí ní aago náà. Kó yan ẹnì kan ṣoṣo tí yóò máa bá àwọn ọmọ àdúgbò sọ̀rọ̀ owó, nítorí pé níbi tí ènìyàn mẹ́ta bá ti ń dúnàádúrà, iye mẹ́ta ni yóò jáde.

Lẹ́yìn èyí ni kọ́ọ̀lù-ṣíìtì, ìwé ojú ewé kan tó ń sọ fún gbogbo òṣìṣẹ́ ohun tí ọ̀la jẹ́: ibi iṣẹ́, aago ìdé, àwọn ìran tí wọn yóò yà, aṣọ, oúnjẹ, nọ́ńbà fóònù ẹni tí wọn yóò pè, ilé ìwòsàn tó súnmọ́ jù. Ó yẹ kó dé ọwọ́ gbogbo ènìyàn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀nà ṣe pàtàkì nínú rẹ̀. Ẹni tó ń lọ sí Ìkòròdú lè gba Máìlì 12, níbi tí ọkọ̀ BRT ti ń ná láti 2015, ó sì lè wọ ọkọ̀ ojú omi dé Ìpakodò. Ẹni tó ń lọ sí Ẹ̀pẹ́ lè gba Lẹ́kkí tàbí kó gba Ìtòìkín láti Ìkòròdú. Bí wọ́n kò bá sọ èyí tí wọ́n fẹ́, àwọn òṣèré yóò dé ní aago mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Epo jẹnẹrétọ̀ náà wà níbẹ̀: ilé iṣẹ́ iná Egbin, tó lè pèsè megawáàtì 1,320, wà nínú Ìkòròdú gan-an, síbẹ̀ kò sí ẹgbẹ́ fíìmù tó ń lọ síbẹ̀ láìgbé jẹnẹrétọ̀ dání.

Lórí WhatsApp, ẹgbẹ́ kan fún àṣẹ nìkan, níbi tí kò sí ẹlòmíràn tó ń kọ̀wé ju olórí ètò àti igbá kejì rẹ̀, dára ju ẹgbẹ́ kan tí àdúrà òwúrọ̀, ẹ̀fẹ̀ àti aago iṣẹ́ ti jọ dàpọ̀.

Àṣẹ lẹ́nu iṣẹ́

Ohun tí àṣẹ tí kò yéni lè fà hàn lẹ́nu iṣẹ́ mìíràn. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta, 1977, ọkọ̀ òfuurufú ńlá méjì, ti KLM àti ti Pan Am, kọlu ara wọn lórí ilẹ̀ ní erékùṣù Tenerife, ènìyàn 583 sì kú. Ìkùukùu bo ilẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ló pa wọ́n. Ọ̀gá awakọ̀ KLM bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láti gbéra nígbà tí wọn kò tíì fún un láyè, nítorí pé gbólóhùn orí rédíò lè túmọ̀ sí ohun méjì. Ẹnjiníà tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ béèrè bóyá ọkọ̀ kejì ti kúrò lọ́nà. Ọ̀gá dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ iṣẹ́ sì dákẹ́. Láti ìgbà náà ni àwọn awakọ̀ òfuurufú ti ń gba ẹ̀kọ́ méjì: kí ẹni tó gbọ́ àṣẹ tún un sọ padà, kí kékeré sì sọ̀rọ̀ sókè nígbà tí ohun kan bá kọ ọ́ lójú.

Ẹ̀kọ́ kìíní rọrùn láti gbé dé lokéṣọ̀n. Àṣẹ tó dára ní orúkọ ẹni tó yẹ kó ṣe é, ohun tí yóò ṣe, àti ìgbà tí yóò ṣe é. "Ẹ bá mi wo iná yẹn" kì í ṣe àṣẹ, nítorí ènìyàn mẹ́rin lè dìde, ó sì lè má sí ẹni tí yóò dìde. "Bọ́lá, gbé iná ọ̀tún sókè díẹ̀ kí wọ́n tó jókòó," tí Bọ́lá sì dáhùn pé, "Iná ọ̀tún ń lọ sókè," ti parí ọ̀rọ̀. Ó máa ń jọ eré ọmọdé lójú ẹni tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ariwo á dín kù níbi iṣẹ́.

Títún eré àgbà òṣèré ṣe gba ọgbọ́n tó jù báyìí lọ. Ó wọ́pọ̀ kí olórí ètò tí kò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ máa darí ẹni tó ti ń ṣeré kí wọ́n tó bí i. Kíkígbe láti ẹ̀yìn kámẹ́rà pé "Kò dáa, ẹ tún un ṣe!" dójú ti àgbà níwájú ọmọdé, ìran tó bá tẹ̀ lé e yóò sì gbẹ. Kí ó dìde, kó rìn dé ọ̀dọ̀ wọn, kó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Bàbá, ó wù mí ká tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ jọ̀wọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ má tíì wo ẹnu ọ̀nà títí ẹ ó fi gbọ́ ìró bàtà." Ọ̀rọ̀ náà kò dá àgbà lẹ́jọ́, ó fún un ní ohun tí yóò ṣe. "Ẹ ṣe é kó dunni" kò ran òṣèré kankan lọ́wọ́. Ọwọ́ tó dúró lórí tábìlì, ojú tí kò gbé sókè, èémí kan kí ọ̀rọ̀ tó jáde, ìwọ̀nyí ni òṣèré lè mú lò. Ọ̀wọ̀ tí Yorùbá ń fún àgbà kò dí ìdarí lọ́wọ́ níhìn-ín rárá. Ó ń jẹ́ kí àtúnṣe wọlé láìsí ìjà.

Ohùn àwọn kékeré

Ẹ̀kọ́ kejì, pé kí kékeré sọ̀rọ̀ sókè, ló le. Amy Edmondson, onímọ̀ ìwà ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí láàárín àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ní àwọn ọdún 1990. Ó rò pé ẹgbẹ́ tó bá ní olórí rere ni àṣìṣe oògùn yóò kéré sí. Òdì kejì ló rí: wọ́n ń ròyìn àṣìṣe ju àwọn yòókù lọ. Àlàyé tó bá a mu ni pé níbi tí olórí kì í ti í fi àṣìṣe kanni lábùkù, àwọn ènìyàn ń jẹ́wọ́ rẹ̀ kó tó di ewu; níbi tí ìbẹ̀rù bá wà, wọ́n ń bò ó mọ́lẹ̀. Ní 1999, ó tẹ ìwádìí mìíràn jáde lórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ 51 ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe nǹkan jáde, ó sì rí i pé àwọn tí ọkàn wọn balẹ̀ láti sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń kọ́ ohun tuntun tí iṣẹ́ wọn sì ń dára. Nígbà tí Google náà wo nǹkan bí 180 nínú àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀, ìfọ̀kànbalẹ̀ yìí kan náà ló síwájú nínú ohun tó ya ẹgbẹ́ rere sọ́tọ̀.

Lokéṣọ̀n Yorùbá nílò èyí ju ibòmíràn lọ. Ọmọ tó ń gbé okùn rí i pé aago ọwọ́ wà lọ́wọ́ òṣèré tó ń ṣe ọba ayé ìgbàanì, ṣùgbọ́n ó dákẹ́, nítorí pé àwọn ẹ̀gbọ́n mẹ́fà wà níbẹ̀ tí wọn kò sọ nǹkan kan. Ẹ́dítọ̀ ni yóò rí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nígbà tí wọ́n ti tú ilé náà, tí òṣèré sì ti lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Sísọ fún wọn pé "Ẹ máa sọ̀rọ̀ o" kò tó. Ọ̀nà tó ń ṣiṣẹ́ ni kí olórí ètò béèrè ní orúkọ, kó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó kéré jù kí ọ̀gá tó sọ tirẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá kò bá tíì sọ̀rọ̀, kékeré kò lè bá a jiyàn. Ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀ síbẹ̀, òótọ́ sì ti jáde. Kó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó mú ìròyìn burúkú wá níwájú gbogbo ènìyàn, àní bí ìròyìn náà kò bá tọ̀nà. Ẹ̀ẹ̀kan péré tí ọ̀gá bá fi ọmọ tó sọ̀rọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ti tó láti pa gbogbo ẹnu dé títí iṣẹ́ yóò fi parí.

Oorun àti omi

Ìran alẹ́ wọ́pọ̀ nínú eré Yorùbá, Ẹ̀pẹ́ sì jìnnà sí ilé ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́. Ní 1997, Drew Dawson àti Kathryn Reid tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Nature: ẹni tó ti wà lójúfò fún wákàtí 17 ń ṣe bí ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti tó ìdá 0.05 nínú ọgọ́rùn-ún, ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kò gbà fún awakọ̀. Òṣìṣẹ́ tó jí ní aago mẹ́rin ìdájí ní Agége kó lè dé Ẹ̀pẹ́ ní aago méje ti wọ ipò yìí ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, bẹ́ẹ̀ ìran alẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná ni. Lóṣù Kẹta ọdún 1997 yẹn kan náà, Brent Hershman, olùrànlọ́wọ́ ayàwòrán nínú fíìmù Pleasantville ní Los Angeles, kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ nígbà tó ń wakọ̀ lọ sílé lẹ́yìn wákàtí 19 lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ béèrè pé kí iṣẹ́ ọjọ́ kan má ju wákàtí 14 lọ. Olórí ètò tó bá fẹ́ ya ìran alẹ́ ní Ẹ̀pẹ́ gbọ́dọ̀ gba ibi tí wọn yóò sùn sí níbẹ̀. Owó yàrá wà lára owó ìran náà.

Omi tún burú jù. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin, 2024, ọkọ̀ ojú omi tó gbé àwọn òṣèré àti òṣìṣẹ́ fíìmù dànù lórí odò Ọya nítòsí Àsàbà. Òṣèré Junior Pope àti àwọn mìíràn bá a lọ. Àwọn tí kò wọ láìfùjákẹ́ẹ̀tì wà nínú wọn. Ọ̀sà wà létí Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ìran inú ọkọ̀ sì máa ń dùn lójú olùdarí eré. Níhìn-ín, ọ̀rọ̀ olórí ètò gbọ́dọ̀ rọrùn, kó sì má yí: ẹni tí kò bá wọ láìfùjákẹ́ẹ̀tì kò ní wọ ọkọ̀, òṣèré ńlá ni o, agbérù ni. Bí aṣọ eré kò bá jẹ́ kí wọ́n lè wọ̀ ọ́, kí wọ́n ya ìran náà níbi tí omi kò ti kọjá orúnkún. Awakọ̀ ojú omi ló ní àṣẹ ìkẹyìn lórí bóyá omi ṣeé wọ̀. Nígbà tó bá ní kò ṣeé wọ̀, olórí ètò kò ní ohun tí yóò fi kún un.

Ètò ojú ẹsẹ̀ àti àwọn onígbọ̀wọ́

Ètò tó ń lọ sórí afẹ́fẹ́ lójú ẹsẹ̀ láti inú sítúdíò kò fàyè gba àlàyé gígùn. Atọ́kùn ń bá àlejò sọ̀rọ̀ nígbà tí ohùn yàrá ìdarí ń wọ inú etí rẹ̀. Gbólóhùn tó bá ju ọ̀rọ̀ mẹ́rin lọ yóò dà á láàmú. "Ìṣẹ́jú kan." "Ìpolówó." "Gbà á lọ́wọ́ wọn." Ohun gbogbo tó kù, kí wọ́n ti sọ ọ́ tán kí iná pupa tó tàn. Àjọ NBC, tó ń ṣàbójútó ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́, tí òfin dá sílẹ̀ ní 1992, ń bi ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n léèrè ohun tí àlejò bá sọ lórí ètò rẹ̀, nítorí náà ó tọ́ kí olórí ètò bá àlejò sọ̀rọ̀ ṣáájú: ibi tí ọ̀rọ̀ yóò dé, orúkọ tí wọn kò gbọdọ̀ dá láìsí ẹ̀rí. Kí atọ́kùn náà ti mọ gbólóhùn tó fi ń dá ènìyàn dúró láìtàbùkù rẹ̀. Yorùbá ní púpọ̀. "Ẹ ṣeun sà, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti ẹnì kejì" ti tó.

Onígbọ̀wọ́ fẹ́ mọ iye tó ń ná àti ohun tí yóò rí. Òṣèré fẹ́ mọ ọjọ́ owó. Ìwé àdéhùn kúkúrú tí kò lọ́jú pọ̀ dára ju ìlérí àbúrò àti ẹ̀gbọ́n lọ, bí owó bá sì fẹ́ pẹ́, kí olórí ètò sọ ọ́ kí ọjọ́ tó pé. Ìdákẹ́jẹ́ lórí owó ti tú ẹgbẹ́ fíìmù ká ju ìjà lọ.

Ibi tí àwọn olórí tuntun yóò ti wá

Ìdarí ètò kì í ṣe ohun tí wọ́n ń kọ́ nínú ìwé nìkan. Nígbà tí àwọn òǹkọ̀wé fíìmù Amẹ́ríkà da iṣẹ́ sílẹ̀ ní 2023, láti oṣù Karùn-ún dé oṣù Kẹsàn-án, ọ̀kan nínú ẹ̀dùn ọkàn wọn ni pé àwọn ilé iṣẹ́ ń dá òǹkọ̀wé dúró kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya fíìmù, tí àwọn ọ̀dọ́ kò fi rí ibi kọ́ bí wọ́n ṣe ń darí ètò mọ́. Àdéhùn tí wọ́n ṣe lẹ́yìn rẹ̀ fi òǹkọ̀wé padà sí ibi iṣẹ́.

Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti ya hẹ́kítà 100 sọ́tọ̀ fún ìlú fíìmù ní Ẹ̀jìnrìn, nítòsí Ẹ̀pẹ́. Ìkòròdú ní Yunifásítì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ìpínlẹ̀ Èkó, Ẹ̀pẹ́ ní gbọ̀ngàn eré tí ìjọba Akínwùmí Ambọ̀dé kọ́. Àwọn ọmọ tó dàgbà ní àdúgbò wọ̀nyí ti mọ ọ̀nà omi, ọjọ́ ọjà, ọjọ́ Orò àti orúkọ baálẹ̀, ìmọ̀ tí ẹgbẹ́ tó ń ti Ìkẹjà bọ̀ ń fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ owó rà. Kí olórí ètò kọ̀ọ̀kan tó bá ń lọ yàwòrán ní Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́ gba méjì nínú wọn síṣẹ́, kó fi wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ níbi tí wọ́n ti lè gbọ́ bí àṣẹ ṣe ń jáde, kó sì máa bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rí, kí àwọn ọ̀gá tó kù tó sọ̀rọ̀.